Matt Bloomfield àti iṣẹ́ bọ́ọ̀lù ní ìsàlẹ̀ líìgì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Ẹ̀yin àgbà, mo kí yín o. Ẹ̀yin òbí, ẹ kú ìjókòó. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ wà lẹ́yìn níbẹ̀ yẹn, ẹ kú àṣẹ̀ṣẹ̀dé. Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ nípa bọ́ọ̀lù gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́, mo sì mọ àwọn orúkọ tẹ́ ẹ ń retí. Ẹ ń retí Okocha, ẹ ń retí Osimhen, ẹ ń retí Saka. N kò ní í mú ọ̀kankan nínú wọn. Ọ̀gbẹ́ni kan tó ń jẹ́ Matt Bloomfield ni mo mú wá.

Ọ̀pọ̀ yín kò gbọ́ orúkọ yẹn rí. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀dọ́ ibí mọ orúkọ ẹgbẹ́ tó ti lo ayé rẹ̀, torí pé Wycombe Wanderers máa ń wà lórí ìwé tẹ́tẹ́ wọn lọ́jọ́ Sátidé. Wọ́n á ní, “Wycombe ló gé tíkẹ́ẹ̀tì mi.” Ibẹ̀ náà ni ìmọ̀ wọn nípa Wycombe máa ń parí sí. Ó sì ń dùn mí, nítorí àwọn ọmọ yìí kan náà ló ń sọ fún ìyá wọn pé bọ́ọ̀lù làwọn fẹ́ fi ṣe iṣẹ́ ṣe lókè òkun. Iṣẹ́ tí wọ́n ń wá gan-an ló wà lórí ìwé yẹn.

Ohun tí mo bá wá kò pọ̀. Bí a bá kó gbogbo àwọn tó ń fi bọ́ọ̀lù jẹun ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jọ, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, ayé Bloomfield ni ayé wọn jọ, kò jọ ti Saka. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí iṣẹ́ yìí ń béèrè àti ohun tó ń fúnni, irú ọ̀gbẹ́ni yìí ló yẹ kó wò dáadáa.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ibi tá a wà. Premier League ní ẹgbẹ́ 20. Lábẹ́ rẹ̀ ni Championship (ipele kejì), League One (ìkẹta) àti League Two (ìkẹrin) wà, ẹgbẹ́ 24 ló sì wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àpapọ̀ wọn jẹ́ 92. Tẹ́ ẹ bá yọ 20 tá a máa ń sanwó wò ní ilé ìwòran kúrò, 72 ló kù. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan nínú 72 yìí ń gbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ líìgì 46 láti oṣù kẹjọ títí di oṣù karùn-ún, FA Cup kò sí nínú ìyẹn, League Cup kò sí nínú ẹ̀. Sátidé, Túsìdeè, Sátidé. Wọ́n á wọ bọ́ọ̀sì lọ sí ìpẹ̀kun àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lálẹ́ Túsìdeè nínú òtútù, wọ́n á gbá bọ́ọ̀lù, wọ́n á padà wọ bọ́ọ̀sì, ilẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ́ kí wọ́n tó délé.

Iṣẹ́ yìí kò ṣàjèjì sí àwa Yorùbá o. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọjá ní Surulere mọ pápá ìṣeré Teslim Balogun. Ọmọ Èkó ni Balogun tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe pápá yẹn. Ó wà nínú ikọ̀ Nàìjíríà tó lọ sí Bìrìtéènì lọ́dún 1949, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn fi ẹsẹ̀ lásán gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀. Nígbà tó padà lọ, Peterborough ló kọ́kọ́ wà, ẹgbẹ́ tí kò tíì wọ Football League, ìyẹn àkójọ líìgì àwọn ọ̀jáfáfá, rárá nígbà náà. Lẹ́yìn ìyẹn ló bọ́ sí Queens Park Rangers, ó sì gbá bọ́ọ̀lù líìgì 13 fún wọn ní sáà 1956 sí 1957, ó jẹ góòlù 3. Ipele wo ni QPR wà nígbà náà? Ipele kẹta. Nítorí náà, ọkùnrin tá a ń fi yangàn jù nínú bọ́ọ̀lù àtijọ́ wa, ìsàlẹ̀ líìgì ló ti jẹun ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Owó ọ̀sẹ̀ agbábọ́ọ̀lù ní gbèdéke láyé ìgbà yẹn, òfin ló dè é. £20 lọ́sẹ̀ ni gbèdéke náà nígbà tí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ agbábọ́ọ̀lù, PFA, jà títí tí wọ́n fi fagi lé e lọ́dún 1961. Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ni PFA, ọdún 1907 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Òṣìṣẹ́ làwọn èèyàn yìí, kẹ́ ẹ má gbàgbé.

Ó yá, Bloomfield. Wọ́n bí i ní oṣù kejì ọdún 1984 ní Felixstowe, ìlú èbúté ní ìlà-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ọkọ̀ òkun ti ń já kọ̀ntẹ́nà. Ẹgbẹ́ ńlá tó sún mọ́ ibẹ̀ ni Ipswich Town, ọ̀dọ̀ wọn ló ti kọ́ bọ́ọ̀lù láti kékeré. Lọ́dún 2001 tó di ọ̀jáfáfá tó ń gba owó oṣù, Ipswich ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ipò karùn-ún ní Premier League ni. Ta ni kò ní í rò pé ọmọ yẹn ti dé èbúté ògo? Ọdún kan lẹ́yìn náà, Ipswich já wálẹ̀ sí ipele kejì. Nígbà tó fi di ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2003, gbèsè ti wọ̀ wọ́n lọ́rùn débi pé àwọn alámòójútó gbèsè ló ń darí ẹgbẹ́ náà. Ọmọ náà kò gbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ líìgì kankan fún wọn. Ní oṣù kejìlá ọdún 2003, wọ́n jẹ́ kó lọ sí Wycombe láìgba kọ́bọ̀. Ọmọ ọdún 19 ni.

Ibi yìí ni mo ti máa ń bẹ àwọn òbí pé kí wọ́n dúró díẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí ẹgbẹ́ ńlá bá tú sílẹ̀ ní ọmọ ọdún 18 tàbí 19, ojú ẹni tó ti kùnà ni ilé fi ń wò wọ́n. Òmíràn á lọ sí ẹgbẹ́ kékeré, á máa ṣe bí ẹni tí kò pẹ́ lọ, á máa retí ìpè láti òkè. Bloomfield kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó dé Wycombe, ó sì kọ́ iṣẹ́.

Ìlú tó ń ṣe àga ni High Wycombe, ní àríwá-ìwọ̀-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù. Iṣẹ́ káfíńtà ni wọ́n fi mọ̀ wọ́n látijọ́, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pe ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù wọn ní Chairboys. Ọdún 1993 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ Football League, Martin O'Neill ló mú wọn wọ̀ ọ́. Pápá wọn, Adams Park, gba bí 10,000 èèyàn. Tony Adams, balógun Arsenal àná, ni akọ́nimọ̀ọ́gbá tó mú Bloomfield wọlé, iṣẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá àkọ́kọ́ tí Adams fúnra rẹ̀ ṣe sì nìyẹn. Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn tí ọmọ náà dé, Wycombe já wálẹ̀ sí ipele kẹrin.

Kí ni ó ń ṣe lórí pápá? Agbábọ́ọ̀lù àárín ni. Ní ipele kẹta àti ìkẹrin, iṣẹ́ àárín kì í ṣe kéèyàn máa fi bọ́ọ̀lù dárà. Aṣọ́lé á gbá bọ́ọ̀lù lọ sókè réré, atamátàsé tiwọn àti adílémú tọ̀hún á fò pọ̀, orí á kan orí, bọ́ọ̀lù á já bọ́. Bọ́ọ̀lù tó já bọ́ yẹn, bọ́ọ̀lù kejì ni wọ́n ń pè é, ẹni tó bá gbà á ló ni ìṣẹ́jú kan tó kàn. Iṣẹ́ agbábọ́ọ̀lù àárín ni kó ti mọ ibi tí yóò bọ́ sí kó tó bọ́. Yóò sáré lọ síbẹ̀, ẹni kan yóò gbá a lẹ́sẹ̀, yóò dìde. Bí bọ́ọ̀lù bá sọnù, òun náà ni yóò kọ́kọ́ yíjú padà sáré sẹ́yìn. Yóò ṣe é ní ìgbà tí kò lóǹkà láàárín 90 ìṣẹ́jú, kámẹ́rà kò sì ní í yà á ní ẹ̀ẹ̀kan. Ẹ lọ wo ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ League Two kan, kẹ́ ẹ má wo bọ́ọ̀lù. Ẹ wo ẹnì kan ṣoṣo ní àárín pápá fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹ máa rí i pé ojú bọ̀rọ̀ kọ́ la fi ń gba ọmọ lọ́wọ́ èkùrọ́.

Ó ṣe é fún Wycombe ju ìgbà 550 lọ. Ọdún 18 ló lò níbẹ̀, kò sì gbá bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ mìíràn mọ́ títí tó fi kógbá wọlé. Tony Adams lọ, John Gorman dé. Gorman lọ, Paul Lambert dé. Peter Taylor dé, Gary Waddock dé. Gareth Ainsworth, tí òun àti Bloomfield jọ ń wọ aṣọ kan náà gbá bọ́ọ̀lù, ló wá di ọ̀gá rẹ̀ lọ́dún 2012. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì rí mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí: gbogbo ọ̀gá tuntun ló ń mú èèyàn tirẹ̀ bọ̀. Wọ́n dé, wọ́n bá a, wọ́n wò ó, wọ́n sì fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀.

Ẹgbẹ́ náà kò sì dúró sójú kan. Wọ́n já wálẹ̀ ní 2004, wọ́n gòkè ní 2009, wọ́n já ní 2010, wọ́n gòkè ní 2011, wọ́n já ní 2012, wọ́n gòkè ní 2018, wọ́n tún gòkè ní 2020, wọ́n já ní 2021. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin sókè, ẹ̀ẹ̀mẹ́rin sílẹ̀, ọkùnrin kan ṣoṣo ló sì wà níbẹ̀ fún gbogbo rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ owó ni mo fẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ tẹ́tí sí báyìí. Nínú iṣẹ́ yìí, ọjọ́ 30 oṣù kẹfà ni àdéhùn máa ń parí. Ní oṣù karùn-ún, bí sáà bá ti tán, ẹgbẹ́ á gbé ìwé jáde: àwọn tá a dá dúró rèé, àwọn tó ń lọ rèé. Gbogbo ìlú ló máa kà á. Ẹlòmíràn ti fẹ́yàwó, ó ti bímọ, ọmọ rẹ̀ wà ní ilé ìwé ládùúgbò. Ọdún kan tàbí méjì ni àdéhùn ìsàlẹ̀ líìgì sábà máa ń jẹ́, nítorí náà kò pẹ́ tí oṣù karùn-ún mìíràn fi ń dé. Agbábọ́ọ̀lù tí eékún rẹ̀ bá yẹ̀ ní oṣù kẹta ọdún tí àdéhùn rẹ̀ ń parí, ẹ má bi í bó ṣe ń sùn. Adebayo Akinfenwa, tí mo ń bọ̀ wá kàn láìpẹ́, gbá góòlù wọlé ní Wembley fún AFC Wimbledon lọ́dún 2016 lọ́jọ́ tí wọ́n gòkè. Lójú ẹsẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n ló sọ pé òun kò níṣẹ́ lọ́wọ́ mọ́, kí àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá wá òun lórí WhatsApp. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Òótọ́ pọ́ńbélé ló sọ.

Ní ti Wycombe, owó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wọ́n. Lọ́dún 2012, ẹgbẹ́ àwọn olólùfẹ́ wọn ló gba ẹgbẹ́ náà sọ́wọ́, wọ́n sì ti ilé ẹ̀kọ́ bọ́ọ̀lù àwọn ọmọdé pa kí owó lè ká a. Ọdún méjì lẹ́yìn náà ni ọjọ́ kan dé tí mi ò lè sọ ìtàn yìí kí n má dúró níbẹ̀. Ọjọ́ 3 oṣù karùn-ún ọdún 2014, ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tó kẹ́yìn sáà ní League Two. Ẹgbẹ́ méjì ló ń já bọ́ kúrò nínú 92 yẹn. Torquay ti lọ tiẹ̀, ọ̀kan ló kù, Wycombe ló sì wà ní ipò yẹn láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ilé Torquay gan-an ni wọ́n ti lọ gbá a. Wọ́n gbọ́dọ̀ borí, ìyẹn nìkan kò sì tó. Àwọn tó wà lókè wọn tún gbọ́dọ̀ pàdánù níbòmíràn. Wycombe jẹ góòlù 3, Torquay kò rí ọ̀kan jẹ. Ní Bristol, Mansfield fi góòlù kan ṣoṣo na Bristol Rovers nílé wọn. Wycombe àti Bristol Rovers jọ ní pọ́ìǹtì 50. Iye góòlù ló yà wọ́n. Bristol Rovers tó ti wà nínú Football League láti 1920 já bọ́, Wycombe dúró.

Ẹ rò ó wò ná. Bí góòlù Mansfield yẹn kò bá wọlé, owó Wycombe á gbẹ, àwọn òṣìṣẹ́ á lọ, àwọn agbábọ́ọ̀lù á lọ, ẹni tó bá ti tó ọgbọ̀n ọdún bíi Bloomfield á máa wá ibi tó kàn. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní pápá mìíràn, tí ojú rẹ̀ kò tó, ló dá iṣẹ́ rẹ̀ dúró. Ọdún tó tẹ̀ lé e, wọ́n dé Wembley láti gòkè. Ó ku ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ kí wọ́n borí ni Southend dá góòlù kan padà, pẹ́nátì sì já wọn kulẹ̀. Wọ́n padà sílé lọ múra fún ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 46 mìíràn.

Akinfenwa dé Wycombe lọ́dún 2016. Ọmọ tiwa ni, Islington ní Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ti bí i, ọmọ Nàìjíríà sì ni àwọn òbí rẹ̀. Lithuania ló ti bẹ̀rẹ̀, ojú rẹ̀ rí màbo ìwà ẹlẹ́yàmẹ̀yà níbẹ̀, kó tó wá rìn kiri ẹgbẹ́ kékeré inú líìgì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì títí: Torquay, Swansea, Northampton, Gillingham. Ẹ fi òun àti Bloomfield wéra. Ọ̀kan rìn kiri, ọ̀kan dúró sójú kan. Ọ̀kan ní ara tí gbogbo ayé ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, ọ̀kan lè kọjá lọ́jà kí ẹnikẹ́ni má mọ̀ ọ́n. Àwọn méjèèjì jọ gòkè ní 2018, wọ́n jọ gòkè ní 2020.

Ti 2020 yẹn ni àjálù Kòrónà dá líìgì dúró ní oṣù kẹta. Ipò kẹjọ ni Wycombe wà. Nígbà tí wọ́n fi iye ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tí kálukú ti gbá pín pọ́ìǹtì, Wycombe di ẹ̀kẹta, nítorí pé wọn kò tíì gbá iye tí àwọn yòókù gbá. Ọ̀pọ̀ èèyàn bínú sí i. Èmi ò rí ẹ̀bi Wycombe nínú ẹ̀. Òfin kan náà ló de gbogbo wọn. Ní ọjọ́ 13 oṣù keje, nínú Wembley tí kò sí èrò kankan, wọ́n na Oxford 2 sí 1. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún 1887 tí wọ́n ti dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀, wọ́n wọ ipele kejì. Jürgen Klopp, akọ́nimọ̀ọ́gbá Liverpool nígbà náà, fi fídíò ránṣẹ́ sí Akinfenwa lórí WhatsApp láti bá a yọ̀. Bloomfield ti di ọmọ ọdún 36. Ìyẹn ni pé ó rìn láti ìsàlẹ̀ League Two dé Championship láìkúrò nílé. Ọdún kan ni wọ́n lò níbẹ̀. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ méje àkọ́kọ́ ni wọ́n pàdánù léra, síbẹ̀ wọ́n jà á débi pé pọ́ìǹtì kan péré, 43 sí 44 tí Derby ní, ló lé wọn padà.

Bó ṣe wá parí ni ó yẹ kí àwọn ìyá fara balẹ̀ gbọ́. Kì í ṣe eékún ló dá a dúró, kì í ṣe ọjọ́ orí. Orí ni. Nǹkan gbá a lórí, ọpọlọ mì nínú agbárí, kì í sì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn. Àwọn oníṣègùn gbà á nímọ̀ràn pé kó má padà sórí pápá mọ́, ó sì kógbá wọlé ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2022. Mo ti sọ bí iṣẹ́ àárín ṣe rí fún yín: orí ń kan orí, ìgbọ̀nwọ́ ń kan orí. Nígbà tí Jeff Astle, atamátàsé West Brom nígbà kan, kú lọ́dún 2002, adájọ́ tó wádìí ikú rẹ̀ sọ pé iṣẹ́ rẹ̀ ló pa á, bọ́ọ̀lù tó ti fi orí kàn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Lọ́dún 2019, àwọn oníwádìí ní Yunifásítì Glasgow rí i pé àìsàn ọpọlọ tó ń jẹ ìyè tán ń pa àwọn agbábọ́ọ̀lù àtijọ́ ní ìlọ́po mẹ́ta ààbọ̀ ju àwọn ẹlòmíràn lọ. Nílé wa níbí, bí ọmọ bá ṣubú lórí pápá tí ojú rẹ̀ ṣú, omi tútù la máa ń dà sí i lórí, a ó ní kó dìde, ọkùnrin ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Ọmọ tí nǹkan bá gbá lórí, tí òòyì ń kọ́, tí kò rántí ohun tó ṣẹlẹ̀, ẹ mú un kúrò lórí pápá lọ́jọ́ yẹn, kó má padà wọlé, kí dókítà rí i.

Bloomfield kò sinmi pẹ́. Ó lọ ṣe akọ́nimọ̀ọ́gbá Colchester nípẹ̀kun oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn. Ní oṣù kejì ọdún 2023 tí Ainsworth lọ sí QPR, Wycombe pè é padà wálé gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá. Nígbà tí Luton wá mú un ní oṣù kìíní ọdún 2025, ipò kejì ni Wycombe wà ní League One. Luton kò rọ̀ ọ́ lọ́rùn: wọ́n já wálẹ̀ ní oṣù karùn-ún, wọ́n sì lé e ní oṣù kẹwàá. Ẹni tó lo ọdún 18 pẹ̀lú ẹgbẹ́ kan kò rí oṣù mẹ́sàn-án lò tán ní òmíràn. Iṣẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá tún le ju ti agbábọ́ọ̀lù lọ.

Mo fẹ́ fi ìyókù àkókò mi bá ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ọmọ tó fẹ́ lọ sọ̀rọ̀, torí mo mọ̀ pé àwọn kan ń gba owó lọ́wọ́ yín. Ẹnì kan á wá bá yín pé òun ní ẹgbẹ́ League Two kan tó fẹ́ ọmọ yín, kẹ́ ẹ mú mílíọ̀nù kan náírà tàbí méjì wá fún físà. Ẹ gbọ́ bó ṣe rí. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2021 tí Bìrìtéènì ti kúrò nínú Ìṣọ̀kan Yúróòpù, ẹgbẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò lè mú ọmọ ilẹ̀ òkèèrè tí kò tíì pé ọdún 18. Bó bá ti pé 18, ó gbọ́dọ̀ ní iye pọ́ìǹtì kan, bọ́ọ̀lù tó gbá fún orílẹ̀-èdè rẹ̀ àti líìgì tó ti ń gbá bọ́ọ̀lù ni wọ́n sì fi ń ṣírò rẹ̀. Láti 2023, wọ́n fún ẹgbẹ́ League One àti League Two ní àyè méjì péré fún irú ẹni tí pọ́ìǹtì rẹ̀ kò pé. Àyè méjì nínú odindi ẹgbẹ́, gbogbo ayé ló sì ń dù ú. Ọmọ tí kò tíì gbá bọ́ọ̀lù ní líìgì kankan ní Nàìjíríà kò sí nínú ìṣirò yẹn. Ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ èèyàn lóòótọ́, òun fúnra rẹ̀ ló ń bá FA, àjọ bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, sọ̀rọ̀, òun ló ń ṣe ìwé rẹ̀.

Nítorí náà, bí ẹni yẹn bá dé, ẹ béèrè orúkọ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bó ṣe wà nínú ìwé àṣẹ rẹ̀. Aṣojú agbábọ́ọ̀lù gbọ́dọ̀ ṣe ìdánwò FIFA kó tó gba ìwé àṣẹ, orúkọ àwọn tó ní in sì wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì FIFA, ẹ lè yẹ̀ ẹ́ wò lórí fóònù yín níbi tẹ́ ẹ jókòó sí. Bí orúkọ rẹ̀ kò bá sí níbẹ̀, ẹ má fún un ní kọ́bọ̀. Bó bá sì wà níbẹ̀, ẹ ní kó fi lẹ́tà ẹgbẹ́ náà hàn yín, kẹ́ ẹ kọ̀wé sí ẹgbẹ́ náà fúnra yín kẹ́ ẹ tó ta ilẹ̀ tàbí ọkọ̀ nítorí ọ̀rọ̀ yìí. Mo ti ṣetán láti dáhùn ìbéèrè yín.